"Ibikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́": ọ̀rọ̀ owó mọ́tò àti yíyan ọ́fíìsì nígbà tí kọ́pà mi ń lọ ìntafíù lọ́yà

Ọdún 2024 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ohun kan náà làwọn ọmọ tó ń ti Law School dé ń bi mí: ṣé ibi gbogbo tí wọ́n bá ti pè wọ́n fún ìntafíù ni kí wọ́n máa lọ, ta ló máa san owó mọ́tò, ọ́fíìsì wo ni kí wọ́n sì yàn? Iléṣà ni mo ti ń ṣe lọ́yà, ọ́fíìsì mi ò jìnnà sí Òkèsà, a sì máa ń gba kọ́pà kan tàbí méjì lọ́dún. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, OAU ló ti ka lọ́ọ̀, Ifẹ̀ nilé wọn, ìyá ẹ̀ ń ta aṣọ ní Sábó. Ọmọ tó mọwọ́ iṣẹ́ ni, tó bá kọ̀wé kóòtù fún ẹ, kò ní sí nǹkan púpọ̀ tó o máa tún ṣe sí i. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àmọ́ òun náà ló ní kí n kọ ọ́ kí ẹlòmíì lè rí i kà.

Oṣù kẹfà ni ilé-iṣẹ́ lọ́yà kan ní Victoria Island pè é, ìntafíù aago 10 àárọ̀ ọjọ́ Tuesday. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò bèèrè ohunkóhun, ó kàn fèsì pé ẹ ṣé, màá wà níbẹ̀. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ti wà ní gáráàjì, mọ́tò ò kún títí aago 5 fi kọjá, wọ́n gba Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, Ìkirè, wọ́n já sí Ìbàdàn, wọ́n bọ́ sí ẹsipirẹ́ẹ̀sì, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa, àfi bí wọ́n ṣe dé Mowe tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bẹ̀rẹ̀, lòjò náà bá dé. Aago 10 ti kọjá kó tó bọ́ọ́lẹ̀ ní Berger. Ó wọ básì dé CMS, ó rí i pé tóun bá tún ní kóun dúró de básì míì ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, ló bá pe Bolt. Aago 11 kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wọlé, aṣọ ẹ̀ tutù, bàtà ẹ̀ ti mu omi. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó di aago 1. Ìntafíù ọ̀hún fúnra ẹ̀ ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ohun tí wọ́n sì bi í kẹ́yìn ni pé ṣé ó lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá kọ ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò láti Iléṣà dé Berger, 8,000 náírà. Básì dé CMS, 1,200. Bolt, 4,500, torí òjò ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Oúnjẹ àti omi, 1,500. Básì padà sí Berger, 1,200. Mọ́tò alẹ́ padà wálé, 8,500. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 24,900. Alàwí kọ́pà nígbà yẹn, 33,000 ni lóṣù. Ìrìn ọjọ́ kan péré ti kó bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù ẹ̀ lọ. Àwa tá a ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń gbàgbé pé ayé ti yí padà látìgbà tí Tinubu ti kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí ò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó mọ́tò sì gbá tẹ̀lé e. Torí náà, tẹ́nì kan bá ń sọ fún ọmọ pé ibi gbogbo tí wọ́n bá ti pè ẹ́ ṣáà máa lọ, owó mọ́tò ayé àtijọ́ lonítọ̀hún fi ń gbà á nímọ̀ràn.

Ìrìn kejì, ìyá ẹ̀ ló yá a lówó, 25,000, nínú owó ọjà. Ó lọ, ó kọ ìdánwò ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, orí kọ̀ǹpútà sì ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà: orí kọ̀ǹpútà. Ohun tó lè jókòó sí Iléṣà kọ, wọ́n pè é dé Victoria Island wá kọ ọ́. Látìgbà náà wọn ò pè, wọn ò kọ̀wé, wọn ò sọ pé o ò yege. Ó dùn mí gan-an, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Friday kan lóṣù keje, mo wọ ọ́fíìsì, mo bá a lẹ́yìn tábìlì ẹ̀ tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà dúdú yẹn. Ó fi ìwé òfin ńlá méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè mú. Bàtà kan ṣoṣo tó ní fún kóòtù nìyẹn. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ má bínú mà, ibi méjì míì ti pè mí, mo fẹ́ kó ti gbẹ kí ọjọ́ tó pé." Mo ní owó ńkọ́? Kò dá mi lóhùn. Mo ní kó gbé ṣíà ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

A mú ìwé tuntun kan, a fi rúlà fa ìlà sí i. A kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlú tí wọ́n ní ọ́fíìsì sí, ibi tí ìntafíù ti máa wáyé, ọjọ́ àti aago, iye tó máa ná an ní àlọ àti àbọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ la wá kọ "ta ló máa san án" sí ìparí. Ibi ìparí yẹn ṣófo látòkè délẹ̀. Kò bèèrè rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé kí ló dà á dúró, ó ní, "Mà, ṣé wọn ò ní sọ pé mo ti ń tọrọ owó kí n tó wọlé?"

Ẹ̀rù yìí ló wà lọ́kàn gbogbo wọn, mo sì mọ ibi tó ti wá, ilé tó dáa la ti tọ́ wọn, wọ́n ti kọ́ wọn pé ọmọ kì í dá owó lé àgbà lórí. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Ẹni tó pè ẹ́ ti rí Iléṣà lórí CV ẹ kó tó pè ẹ́. Tó o bá bi í léèrè pé ṣé ẹ máa ń dá owó ọkọ̀ padà, ohun tó máa ṣe ni kó sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan tó wà ní Amẹ́ríkà tó ń ka LL.M., ìyẹn oyè kejì nínú òfin, ti sọ fún un pé lọ́hùn-ún, àwọn ilé-iṣẹ́ lọ́yà ńlá ló máa ń san owó bàlúù àti òtẹ́ẹ̀lì ẹni tí wọ́n bá pè wá sí ọ́fíìsì fún ìpele kejì, àti pé téèyàn bá fi ìrìn kan ṣoṣo rí ilé-iṣẹ́ méjì nínú ìlú kan náà, wọ́n lè pín ìnáwó yẹn láàárín ara wọn. Nílé wa níbí, kò sí àṣà kan tó fìdí múlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀, ẹlòmíì ń san, ẹlòmíì kì í san, ẹlòmíì máa gbà kó o ṣe é lórí Zoom àmọ́ kò ní fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kéèyàn bèèrè.

Nígbà tá a wá dé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, inú bí mi díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ méjì yìí ní ọ́fíìsì ní Lagos, Abuja àti Port Harcourt. Fọ́ọ̀mù wọn bèèrè pé èwo lo fẹ́. Ó kọ "ibikíbi". Mo ní kí ló dé? Ó ní kí wọ́n má bàa rò pé òun ń ṣa iṣẹ́ yàn. Mo ní ọmọ mi, ẹni tó bá kà á ò ní rí ìrẹ̀lẹ̀ níbẹ̀ o, ohun tó máa rí ni ẹni tí ò tíì ronú iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Ọ́fíìsì tó o bá kọ ló ń sọ àwọn pátínà tó máa ka ìwé ẹ, ìyẹn àwọn ọ̀gá tó ni ilé-iṣẹ́, òun náà ló ń sọ ìlú tí wọ́n máa pè ẹ́ sí, iye mọ́tò tó o máa wọ̀, àti ibi tó o ti máa san owó ilé tí wọ́n bá gbà ẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, "ibikíbi", ó ti gbé gbogbo ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ lọ́yà ní Lagos yàtọ̀ sí ti Abuja, bó ti ẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ló wà lára géètì. Lagos làwọn báńkì ńlá wà, ibẹ̀ ni ọjà ìpín ìdókòòwò wà ní Marina, èbúté Apapa wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó yíyá, ilé-iṣẹ́ tó ń ra ilé-iṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi, Lagos lo fẹ́. Port Harcourt, ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì àti ti àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo pọ̀ níbẹ̀. Abuja ni Supreme Court, ibẹ̀ ni orílé-iṣẹ́ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, wà ní Maitama, àwọn mínísírì, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti iná mànàmáná, ti ọ̀rọ̀ oníbàárà. Mo bi í pé kí lo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ẹ ní OAU? Ó ní òfin iná mànàmáná. Mo pariwo. Òfin iná tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lóṣù kẹfà 2023 ti jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè máa darí ọ̀rọ̀ iná tiwọn, lọ́dún 2024 yẹn gan-an sì ni NERC, àjọ tó ń rí sí iná ní Abuja, bẹ̀rẹ̀ sí í fa àṣẹ lé àwọn ìpínlẹ̀ kan lọ́wọ́, Oǹdó àti Èkìtì tó jẹ́ aládùúgbò wa wà nínú wọn. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ yìí látorí dé ìdí ló ń kọ "ibikíbi" sí fọ́ọ̀mù!

Kò fẹ́ràn Abuja tẹ́lẹ̀ o, owó ló ń bà á lẹ́rù. Láti Iléṣà, kéèyàn gba Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Lọ́kọ́jà kó tó dé Abuja, ojoojúmọ́ lèèyàn ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé, bàlúù sì kọjá agbára ẹ̀. Ó rò pé tóun bá kọ Abuja, Abuja náà ni wọ́n máa pe òun sí. Èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ò mọ̀, pé ọ́fíìsì tó o fẹ́ ṣiṣẹ́ sí lọ̀tọ̀, ọ́fíìsì tó o ti máa ṣe ìntafíù lè jẹ́ ọ̀tọ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta, o lè ní kí wọ́n jẹ́ kó o gba èyí tó sún mọ́ ẹ wọlé.

A jókòó kọ ímeèlì. Èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó tọrọ àforíjì nígbà mẹ́ta nínú ìlà mẹ́fà, mo ní kó yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Ohun tó kù kò gùn: Abuja ni mo fẹ́, torí iṣẹ́ iná mànàmáná tẹ́ ẹ ń ṣe níbẹ̀. Iléṣà ni mò ń gbé. Màá wà ní Lagos lọ́jọ́ 24, tó bá rọ̀ yín lọ́rùn mo lè ṣe ìpele àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì yín ti Lagos lọ́jọ́ 25, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mo lè ṣe é lórí Zoom. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé-iṣẹ́ yín máa ń dá owó ọkọ̀ padà fún ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá?

Ilé-iṣẹ́ kejì, Lagos nìkan ni wọ́n ní ọ́fíìsì sí, Tuesday 23 ni wọ́n kọ́kọ́ fún un. Mo ní kó pè wọ́n. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹ káàsán mà, Iléṣà ni mo ti ń pè, ẹ pè mí fún ìntafíù ọjọ́ 23. Mo ní nǹkan míì ní Lagos lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo fẹ́ bẹ̀ yín bóyá ẹ lè jẹ́ ó di ọjọ́ kẹrìnlélógún kí n lè fi ìrìn kan ṣe méjèèjì." Obìnrin HR yẹn ní kó dúró. Kò tó ìṣẹ́jú méjì ó padà sórí fóònù, ó ní kò sí wàhálà, Wednesday aago 2 ọ̀sán, àti pé àwọn kì í san owó ọkọ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan. Ìgbà tó pè náà bá a mu, torí ìsinmi ọdọọdún kóòtù ti sún mọ́lé, ọwọ́ àwọn ọ̀gá máa ń dilẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ní ọ́fíìsì mẹ́ta náà fèsì: ó dáa, Lagos, Thursday aago 11, a kì í sanwó fún ìpele àkọ́kọ́, àmọ́ a máa ń san láti ìpele kejì.

Wednesday ni CDS ẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí kọ́pà máa ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, torí náà mo bá a kọ lẹ́tà kó lè gba àṣẹ ìrìnàjò lọ́dọ̀ àwọn NYSC. Kọ́pà tó bá ń ka èyí, má fo ibí yìí o, má jẹ́ kí wọ́n wá tìtorí ìntafíù fi kún oṣù ìsìnlú ẹ.

Ọjọ́ Tuesday ló gbéra, kò sáré. Iléṣà sí Ifẹ̀ 1,500, ó kí ìyá ẹ̀, Ifẹ̀ sí Iwo Road 3,000. Ní Ìkirè, wọ́n ń na dòdò sí ojú fèrèsé mọ́tò, ó ra ti 2,000 fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó máa sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ ní Surulere, torí èèyàn kì í lọ sùn nílé onílé ọjọ́ méjì lọ́wọ́ òfo. Láti Iwo Road, 1,000 dé Moniya, ó wọ reluwé ìrọ̀lẹ́, 3,600, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ebute Metta. Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, owó ọ̀nà reluwé yìí fi díẹ̀ ju ti mọ́tò tààrà lọ, ṣùgbọ́n kò sí Mowe lójú irin, súùtù ẹ̀ sì wà lórí híọ́ọ̀kù látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Básì inú Lagos fún gbogbo ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀, 4,000. Mọ́tò padà wálé, 8,500. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 23,600, fún ilé-iṣẹ́ méjì. 11,800 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti sùn, ó ti jẹun, bàtà ẹ̀ gbẹ.

Ní Thursday, ìbéèrè kejì tí wọ́n bi í ni pé kí ló dé tó fi fẹ́ Abuja nígbà tó jẹ́ pé Lagos ni gbogbo èèyàn ń sáré bọ̀. Ó ní òun sọ̀rọ̀ Oǹdó àti Èkìtì fún wọn, òun sọ ohun tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kí NERC tó lè gbé àṣẹ fún un, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìpele kejì, wọ́n ní kó wá Abuja lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹjọ, àwọn máa san owó ọkọ̀ àti ibi tó máa sùn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìwọ́de gbogbo Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ebi àti ìṣèjọba bẹ̀rẹ̀. A ti ń gbọ́ ọ ṣáájú, mo ní kó kọ̀wé sí wọn kíá pé ṣé ó lè di Zoom. Wọ́n gbà, wọ́n sún un sí Thursday ọjọ́ kẹjọ. Mi ò ní purọ́, ìwọ́de yẹn ló bá wa ṣe èyí, bí kò bá sí i, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n máa gbà.

Ọ́fíìsì mi ló ti ṣe é. A to ìwé òfin mẹ́rin sábẹ́ kọ̀ǹpútà kí kámẹ́rà lè bá ojú ẹ̀ dọ́gba, dátà oríṣi méjì wà nílẹ̀, ínfátà ti kún. Ohun tá a gbàgbé ni màmá tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ ẹ̀ bú jáde. Mo sáré bọ́ síta, mo kúnlẹ̀, mo ní "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wa ń bá àwọn ará Abuja sọ̀rọ̀ iṣẹ́." Màmá pa á, wọ́n ní kí gbogbo oníbàárà jókòó. Odindi wákàtí kan. Ẹnikẹ́ni ò bínú, nígbà tó parí tó jáde síta, àwọn tó gbé abọ́ ata dání ló kọ́kọ́ bi í pé báwo ló ṣe lọ.

Ilé-iṣẹ́ Lagos yẹn ló kọ́kọ́ gbé lẹ́tà iṣẹ́ wá, wọ́n ní kó fèsì lọ́sẹ̀ kan. Ó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ márùn-ún sí i, wọ́n fún un. Lẹ́tà Abuja dé lọ́jọ́ kẹrin. Owó oṣù ti Lagos fi díẹ̀ lé, àmọ́ a ti ṣírò ilé sí i, a ti ṣírò básì láti mainland dé Island lójoojúmọ́. Ìyá ẹ̀ ò fẹ́ Abuja, ó jìnnà sí wọn, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n ní "Lọ́yà, ṣé ẹ̀yin náà lè gbé ọmọ yín lọ síbẹ̀?" Mi ò mọ èsì tí mo fẹ́ fọ̀, mo kàn sọ fún wọn pé ọmọ yẹn mọ ìdí tó fi ń lọ. Ó mú Abuja. Kó tó lọ, ó tún bèèrè, láìjẹ́ pé mo sọ fún un, pé ṣé ilé-iṣẹ́ máa ń ran ẹni tó ń kó láti ìlú míì lọ́wọ́, wọ́n san owó ọkọ̀ ẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì nílé àlejò kó fi wá yàrá.

Ìwé tá a fa ìlà sí yẹn, ó fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ mi. Kọ́pà tó wà lọ́dọ̀ mi báyìí, Port Harcourt ló ń wò, òun àtẹni tó wà ní Abuja yẹn ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, a sì ti ń bèèrè iye tí mọ́tò ibẹ̀ jẹ́.